Ta Ni Ó Ń Bá Fádà Gbé?

Ẹdẹ,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, ọdún 1959.

Ayọ̀dèjì, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí o tó ka ìlà kejì, jọ̀wọ́ dìde, ti ilẹ̀kùn, kí o sì yọjú wo ẹ̀yìn fèrèsé. Bí ẹnikẹ́ni bá wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ, ìbáà ṣe ọmọ Ẹdẹ, ìbáà ṣe ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, fi lẹ́tà yìí sí àpò títí olúwarẹ̀ yóò fi jáde. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹnì kẹta gbọ́dọ̀ gbọ́. Ìyá rẹ pàápàá kò mọ̀ pé ìwọ ni mo ń kọ̀wé sí. Ó rò pé àdúrà ìpàdé àwọn díákónì ni mo ń kọ sílẹ̀.

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, mo sì kí onílé rẹ ní Òkè-Àdó. Ṣé ikọ́ tí o sọ níjọ́sí ti lọ? Ọlọ́run tí ó ń ṣọ́ ọ láti ìgbà tí o ti wà nínú ọ̀já kò ní gbàgbé àdírẹ́sì rẹ tuntun. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní pàdé ibi lójú títì. Ọ̀gá rẹ kò ní bínú sí ọ láìnídìí, oúnjẹ tí o ń rà jẹ níta kò sì ní di àrùn sí ọ lára. Níbí, gbogbo wa wà láàyè. Yẹ́misí ẹ̀gbọ́n rẹ bí ọmọbìnrin ní Sẹ̀kọ̀nà, ọmọ náà sì jọ ìyá mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí i. Ewúrẹ́ ìyá rẹ wọ ilé ìjọsìn wa lọ́jọ́ Ìsinmi tí ó kọjá nígbà tí pásítọ̀ ń gbàdúrà, ó sì lọ dúró níwájú àga mi gan-an. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí i pé bí mo bá ti dé ibì kan, àwọn ènìyàn a dákẹ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí o kọ sí mi, mo ti ka ìwé rẹ títí bébà náà fi rọ̀ bí aṣọ. O ní o fẹ́ di fádà nínú ìjọ Àgùdà. O ní Bíṣọ́ọ̀bù kò ní gbà ọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn fádà láìjẹ́ pé bàbá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun gbà. Ayọ̀dèjì, ìwọ nìkan ni ọmọkùnrin tí mo bí. Fádà kì í gbéyàwó, kì í bímọ. Èmi sì ni díákónì nínú ìjọ Baptist, gbogbo ìlú ló mọ̀ mí. Mo bi ara mi léèrè pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni iṣẹ́ fádà yìí, tí ọkùnrin yóò fi sọ pé òun kò fẹ́ aya, òun kò fẹ́ ọmọ, nítorí rẹ̀. Mo sì sọ fún ara mi pé n kò ní wí bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì ní wí bẹ́ẹ̀ kọ́, àfi bí mo bá ti rí iṣẹ́ náà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé olùkọ́ni ìjọ Àgùdà ń kéde pé wọn yóò fi sinimá hàn nínú ilé ìwé wọn ní ọ̀sán Sátidé, ìtàn ayé fádà mímọ́ kan ní ilẹ̀ òkèèrè. Mo ní Ọlọ́run ló dá mi lóhùn. Mo sọ fún ìyá rẹ pé mo ń lọ wo ebè ní Alájué. Mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ọyẹ́ ń bá jà, mo sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwé náà ni ẹnì kan ti di ọwọ́ mi mú. Rájí ni, télọ̀ tí ó wà lẹ́yìn ilé wa. Ó fi ohùn tí àwọn ará ọjà lè gbọ́ bi mí pé ṣé inú ilé ìwé Àgùdà ni wọ́n ti ń kọ ebè lọ́dún yìí. Ìyá rẹ ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé Alájué ni mo lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bò mí láṣìírí. Ó ní òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní Mùsùlùmí ni òun, sinimá ni òun wá wò, kò sí ẹni tí yóò bi òun léèrè, ṣùgbọ́n kí n mọ̀ pé Kúlúsúmù ìyàwó òun ti wà ní àga iwájú. Ọmọ mi, o mọ ẹnu Kúlúsúmù.

Wọ́n ti fi ẹní bo gbogbo fèrèsé kí òkùnkùn lè wà nínú ilé. Aṣọ funfun ni wọ́n ta mọ́ ògiri. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo dìde lọ wo ẹ̀yìn aṣọ náà, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn mí. Kò sí nǹkan níbẹ̀ ju bẹ́ǹṣì tí ó dá lẹ́sẹ̀ lọ. Fádà òyìnbó tí ó wà ní Ẹdẹ níbí jókòó níwájú, ó wọ aṣọ funfun gígùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ènìyàn.

Ohun tí mo rí nìyí. Fádà kan ń bẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin bíi tìrẹ, òun nìkan nínú ilé olókùúta ńlá kan lẹ́bàá ilé ìjọsìn. Obìnrin kan wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó fi aṣọ dúdú bo orí. Fádà náà kò bi í pé ọmọ ta ni. Kò bi í pé agboolé wo ni ó ti wá. Bàtà obìnrin náà tutù rinrin, bẹ́ẹ̀ ni òjò kò rọ̀, kò sì bi í léèrè ìyẹn náà. Ó sáà mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, obìnrin náà sì ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láti inú ihò kékeré, ojú fádà sì ń yí padà. Lẹ́yìn èyí ni tẹlifóònù dún. Ó gbé e, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀, mímí nìkan ni. Mo fura sí ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ó lè jẹ́ kí àlejò wọ inú etí ènìyàn láìkan ilẹ̀kùn, láìkágò, kò yẹ kí ó wà nílé ọmọ Ọlọ́run. Nígbà tí ó ṣe, omi mímọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú àwo láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, àgbélébùú yí orí kodò lára ògiri, obìnrin náà sì tún padà wá, ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń sunkún. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo fún fádà náà pé kí ó má ṣí i. Èmi náà pariwo, odindi díákónì. Ó ṣí i.

Mo bi Rájí pé ta ni ó lè gboyà láti ya fọ́tò Sàtánì. Ó ní eré lásán ni, pé wọ́n ń díbọ́n ni. Mo ní ẹ̀rọ fọ́tò kì í díbọ́n, pé fọ́tò tí ìwọ fi ránṣẹ́ sí wa, bí o ti rí gan-an ni ó rí, títí kan àpá iwájú orí rẹ. Mo ní ṣé omi tí ó ń hó náà ń díbọ́n ni? Ó ní kí n jẹ́ kí òun wo nǹkan tí òun wá wò.

Ibẹ̀ ni fádà tiwa ti fò dìde. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ń ké sí onísinimá pé kí ó pa ẹ̀rọ náà, ó sì sáré dúró síwájú ìmọ́lẹ̀ náà. Ayọ̀dèjì, ojú obìnrin náà kúrò lára ògiri, ó bọ́ sára aṣọ funfun fádà. Ó ń wò wá láti àyà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ènìyàn sá. Wọ́n fa ẹní fèrèsé já, oòrùn wọlé, kò sì sí nǹkan kan mọ́ àfi aṣọ tí wọ́n ta mọ́ ògiri àti fádà. Onísinimá ń bẹ̀bẹ̀ pé agolo sinimá ni òun ṣì gbé, pé èyí tí ó jẹ́ ti fádà mímọ́ náà wà ní Ìwó tí òun gbàgbé rẹ̀ sí. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ọkàn mi ní èyí tí wọn kò fẹ́ kí a rí ni èyí tí ó jẹ́ òótọ́, pé ohun tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà ni, wọn kò sì ní sọ ọ́ fún ọmọ tí wọ́n ń pè wọlé.

N kò lè sinmi. Ní ọ̀sán Mọ́ńdè, mo di iṣu mélòó kan sínú apẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí ó bá rí mi lè rò pé ọjà ni mo ń tà, mo sì lọ sí ilé fádà. Mo bá fádà òyìnbó náà nídìí tábìlì gígùn kan, àwọn nìkan ló ń jẹun. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń há wọn lẹ́nu. Wọ́n fi àga lọ̀ mí. Mo kí wọn, mo sì béèrè ohun tí ó gbé mi wá.

"Fádà, ta ni ó ń bá yín gbé?"

Wọ́n ní, "Ọlọ́run ń bẹ níbí, Bàbá."

Mo ní, "Mo mọ ìyẹn. Ènìyàn ni mo bi yín."

Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ó yẹ kí ẹnì kan wà níbẹ̀. Wọ́n ní alásè wọn a máa lọ sílé rẹ̀ kí oòrùn tó rọ̀. Wọ́n ní ìyá wọn wà láàyè lókè òkun, pé láti ọjọ́ tí àwọn ti wọ ọkọ̀ ojú omi, àwọn kò tíì fojú kàn án. Mo wá gboyà, mo bi wọ́n pé ṣé ẹni tí a rí nínú sinimá yẹn máa ń wá sí ilé yìí. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ṣíbí sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Ó máa ń wá. Kì í mú omi hó. Bí ìsìn bá parí lọ́jọ́ Ìsinmi, tí gbogbo yín bá ti lọ jẹun nílé yín, á wá jókòó síbí yìí. Á ní bí mo bá dá gbogbo rẹ̀ dúró, kò sí ẹni tí yóò mọ̀."

Mo gbé iṣu sílẹ̀, mo bá wọn jẹ èyí tí ó kù nínú àwo kí wọ́n má baà dá a jẹ tán.

Ní ojú ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀ yé mi. Kì í ṣe iṣẹ́ fádà ni ó burú. Ilé wọn ni ó ṣófo. Bí ó bá ṣe pé ìyá arúgbó kan jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ fádà inú sinimá yẹn ni, obìnrin aláṣọ dúdú kì bá ráyè kọjá. Wọn ìbá ti bi í pé ọmọ ta ni, níbo ni ó ti ń bọ̀, kí ni ó sọ bàtà rẹ̀ di tútù, ṣé kò sí ọkọ nílé ni. Sàtánì kò ní baba, kò ní agboolé, kò lè dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo nínú wọn. O rántí pé agbowó orí kò lè dé yàrá mi láìjẹ́ pé Abọ́sẹ̀dé, àbúrò mi obìnrin, ti bi í léèrè títí ó fi gbàgbé ohun tí ó wá gbà.

Nítorí náà, kí Bíṣọ́ọ̀bù gbọ́ pé èmi, bàbá Ayọ̀dèjì, gbà. Mo fi ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo ní sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, ó sì dùn mí bí mo ti ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dá gbé. Ibikíbi tí wọ́n bá rán an lọ, èmi tàbí Àtàndá àbúrò mi ni yóò máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àtàndá kì í sùn lọ́sàn-án, ó sì máa ń bi gbogbo ènìyàn ní ìbéèrè. Bí òfin wọn bá ní obìnrin kò gbọdọ̀ wà nínú ilé, a kì í ṣe obìnrin. Bí wọ́n bá ní kò gbọdọ̀ sí ẹbí, kí wọ́n rántí pé Olúwa wa fúnra rẹ̀ mú àwọn ènìyàn dání lọ sínú ọgbà ní ọjọ́ ìpọ́njú rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun ṣọ́nà. Wọ́n sùn lọ ni. Àwa kò ní sùn. Bí tẹlifóònù bá sì wà nínú ilé náà, èmi ni yóò máa gbé e.

Má kọ̀wé sí ìyá rẹ nípa rẹ̀. Èmi ni yóò sọ fún un, bí mo bá ti mọ bí n óò ṣe sọ ọ́. Kúlúsúmù ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ ná. Nígbà tí a ń jáde nínú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi tí ó kọjá náà, Alàgbà Akínwálé bi mí pé báwo ni ebè Alájué, àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì fọwọ́ bo ẹnu. Bí wọ́n bá gbọ́ èyí tí ó kù, wọn yóò gba àga díákónì lọ́wọ́ mi. N kò ní jẹ́ kí wọ́n gbà á. Ọjọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù bá ti gbà ọ́ ni n óò dìde kúrò lórí rẹ̀ fúnra mi.

Jọ̀wọ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ fún èmi àti Àtàndá, àti díẹ̀ tí a óò fi tún òrùlé ẹ̀yìn ṣe kí òjò tó dé, kí ó má baà máa rọ̀ sí ìyá rẹ lára nígbà tí n kò bá sí nílé. Bí ó bá ṣẹ́kù, ra awò ojú kan fún mi. Lẹ́tà ń kéré sí i lójoojúmọ́.

Ìwọ yóò dàgbà, ìwọ yóò dúró níbi tí a bá fi ọ́ sí. Ohun tí o fi sílẹ̀ kò ní máa pè ọ́ padà. Ilé rẹ kò ní ṣófo, lórúkọ Jésù.

Mú ìwé yìí lọ fún Bíṣọ́ọ̀bù. Fi ọwọ́ bo ibi gbogbo, kí ó ka ibi tí mo ti ní mo gbà nìkan. Bí ó bá ní dandan òun yóò kà á tán, jókòó tì í títí yóò fi kà á tán, má fi òun nìkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì jó o lójú rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.