Wáyà Tẹlifóònù Tí Mo Yàn ní Obiagu

Ẹ foríjì mí nítorí ìkọ̀wé mi tó rí wúruwùru, ẹ sì ní sùúrù bí ọ̀rọ̀ mi bá ń falẹ̀. Ìwé kẹrin ni mo kà dé tí wọ́n fi mú mi kúrò nílé ìwé, gègé tí mo yá yìí sì ń tọ̀ sára ìwé bí ọmọ ọwọ́.

Èmi, Oyèbísí Àṣàkẹ́ Ọmọ́níyì, ọmọ bíbí Ìkìrun, tí mò ń gbé ní Obiagu nílùú Enugu, tí mo sì ń se mọ́ínmọ́ín tà, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ara mi balẹ̀, kò sí ẹni tó fipá mú mi. Orúkọ tó gbẹ̀yìn nínú orúkọ mi yẹn, orúkọ bàbá ọkọ mi ni, ìyàwó kì í sì í pè é. Mo fi ọwọ́ kọ ọ́ nítorí òfin ní dandan ni. N kò fi ẹnu pè é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi jà lórí ìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní ọsibítù nítorí inú tó ń run mí lápá ọ̀tún. Dókítà ní nǹkan kékeré ni, pé kò ní í pẹ́ tí n ó fi máa lọ ẹ̀wà mi padà. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n akọ̀wé lọ́yà ni ọkọ mi, òun ló ń tẹ ìwé ìhágún àwọn ọlọ́lá ìlú yìí ní táípù. Òun ló sọ fún mi nígbà kan pé kò sí ọ̀rọ̀ míràn tí a kì í já gbà lẹ́nu ẹni bí ìwé ìhágún: wọn á jókòó, wọn á dákẹ́, wọn á gbọ́ ọ dé òpin. Èmi tí mò ń tijú, tó jẹ́ pé kí n tó parí gbólóhùn kan ẹlòmíràn á ti bá mi parí rẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó sì mú un di kíákíá ni pé lọ́jọ́rú, ọkùnrin ọ́fíìsì tẹlifóònù yóò wá gba èsì lórí wáyà tẹlifóònù tí mo fẹ́ fún òwò mọ́ínmọ́ín mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni n ó wà. Bí n kò bá kọ ohun tí mo fẹ́ sílẹ̀, wọn yóò bá mi yàn án.

1. Mo yan ọkọ mi, Olúdáìsí Ọmọ́níyì, pé kí ó mú ohun gbogbo inú ìwé yìí ṣẹ. Láti ìgbà tí mo ti wọlé rẹ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì, n kò tíì kọ orúkọ yìí rí. Kí n tó kọ ọ́, mo kọ́kọ́ wẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò.

2. N kò ní ilé, n kò ní ilẹ̀. N kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, àfi ẹ̀rín tí mo jẹ àwọn ará ilé, nítorí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ púpọ̀, n kì í sì í fèsì.

3. Aṣọ òkè tí mo fi ṣe ìgbéyàwó, kí wọ́n kó o padà fún ìyá mi ní Ìkìrun.

Ẹ̀kọ ni ìyá mi ń kiri. Bí ó bá polówó ọjà rẹ̀, ẹni tó ń wẹ̀ á ju kànhìnkànhìn sílẹ̀, á yọjú tòun tọṣẹ lójú. Ogún ohùn yẹn kò kàn mí rárá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé mọ́ínmọ́ín lórí níhìn-ín, mo rìn yí kọ́tà rélùwéè ká láìlanu. Obìnrin kan dá mi dúró, ó ní ṣé alágbàfọ̀ ni mí, ó fẹ́ kó ìdọ̀tí aṣọ fún mi. Mọ́ínmọ́ín náà tutù bọ̀ wálé, àwa la jẹ ẹ́ lálẹ́, a tún fi í jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀.

Tẹlifóònù ló yọ mí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí mò ń pè ní Bọ̀dá Àgbà jẹ́ táílọ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé tí a jọ ń gbé, tẹlifóònù sì wà níbẹ̀. Akọ̀wé rélùwéè kan wá gba ṣòkòtò rẹ̀, ó tọ́ mọ́ínmọ́ín mi wò. Lọ́jọ́ kejì ó pè láti ọ́fíìsì pé kí n gbé wá fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè. Mò ń gbé e lọ sórí tábìlì wọn tààrà, n kò ké sí ẹnikẹ́ni. Bí òwò mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

4. Kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tí mo rán, tó pín yàrá wa sí méjì, mo fi í sílẹ̀ fún ọkọ mi. Mo tún fi èsì kan sílẹ̀ fún un.

Ọjọ́ kan ló pè mí láti ọ́fíìsì lọ́yà. Bọ̀dá Àgbà gbé tẹlifóònù lé mi lọ́wọ́. Bí mo ti gbọ́ ohùn ọkọ mi ni mo kúnlẹ̀. Bọ̀dá Àgbà ní ta ni mò ń kúnlẹ̀ fún, ṣé wáyà ni? Ọkọ mi pè mí ní Àṣàkẹ́, ó ní ṣé inú mi dùn pé mo bá òun wá sí Enugu. Mo mi orí. Mo tún mì í dáadáa. Ó ń ké hẹ́lò, hẹ́lò, ó rò pé wáyà ti já. Kò tún bi mí mọ́ nílé, nítorí ògiri yàrá wa fẹ́lẹ́, ará ilé a sì máa gbọ́. Èsì tí mo fi sílẹ̀ fún un ni: bẹ́ẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ pín in fún ẹnikẹ́ni.

5. Adìyẹ pupa mi, mo fi í fún Alfred Mákindé Ọmọ́níyì. Bọ̀dá Àgbà náà nìyẹn. Mo kọ ọ́, n kò pè é.

Adìyẹ yìí kì í yé síbòmíràn àfi inú agbọ̀n tí Bọ̀dá Àgbà ń da àjákù aṣọ sí. Àìmọye ìgbà ló ti búra pé òun yóò fi máàṣíìnì rán ìdí rẹ̀ pa. Ó sì ń jẹ ẹyin náà. Ní báyìí, adìyẹ di tirẹ̀, ẹyin di tirẹ̀, kí ìjà parí.

6. Nípa ti wáyà. Ìpín yìí ló ṣe pàtàkì jù lọ, kí ó sì dúró, yálà mo kú tàbí mo yè.

Ọkùnrin tẹlifóònù ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni kí n gba wáyà tèmi nìkan. Ọkọ mi fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn mi ju bí ó ti mọ ìṣirò lọ. Owó irú wáyà yẹn yóò jẹ ẹ̀wà, yóò jẹ epo, yóò sì jẹ ewé tí mo fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín lé e. Mo fi ìyẹn sílẹ̀.

Èkejì ni kí n bọ́ sórí wáyà Bọ̀dá Àgbà. Wọn yóò fa tẹlifóònù kékeré kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná mi, kí ó máa dún bí ti iwájú bá ti ń dún. Òun fúnra rẹ̀ ló fi lọ̀ mí. Ó ní ilé kan náà ni wá, kí là ń wá lọ síta?

Ẹ̀kẹta ni kí n bọ́ sórí wáyà Màmá Nwakaego, obìnrin Ìgbò tó ń ṣe búrẹ́dì ní òdìkejì títì. Òun náà ló sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní ẹni tó bá pè nítorí búrẹ́dì yóò béèrè ohun tí yóò fi jẹ ẹ́.

Owó èkejì àti ẹ̀kẹta kò yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò ní kí n bá ẹbí lọ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ tí ọ̀gá obìnrin ilé ìwé kan pe ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó bá gbé tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ Bọ̀dá Àgbà, kí ẹni tó pè lè mọ̀ pé òun kò ṣìnà. Lọ́jọ́ náà, ó ti lọ ra òwú ní Ọjà Kenyatta. Tẹlifóònù dún, mo gbé e. Obìnrin náà béèrè pé ta nìyẹn. Mo lanu, orúkọ náà há sí mi lọ́fun bí egungun ẹja. Mo ní ilé wa ni. Ó ní ilé ta? Mo ní ilé ọkọ mi. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ ẹnikẹ́ni kọ́ lòun ń wá, táílọ̀ lòun ń wá. Ó gbé e sílẹ̀. Aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ló fẹ́ rán, táílọ̀ míràn ló sì rán an. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti sọ ọ́ fún Bọ̀dá Àgbà, pé obìnrin kan ló ń ròyìn ọkọ rẹ̀ fún òun.

Bọ̀dá Àgbà kò pariwo. Níwájú àwọn oníbàárà ló ti bi mí pé, Ìyàwó, ṣé ẹ̀gún ni orúkọ mi ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní òun tí òun ni orúkọ ti yọ̀ǹda, pé láti òní lọ kí n máa pè é, Ọlọ́run gbọ́. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo ki orí bọ inú ìkòkò òfìfo, mo gbìyànjú rẹ̀ níbẹ̀. Èémí nìkan ló jáde. Ohun tí ìyá mi fi ọ̀pọ̀ ọdún dì mọ́ mi lẹ́nu, àṣẹ ọjọ́ kan kò lè tú u.

Màmá Nwakaego kì í ṣe ẹbí ọkọ mi. Síbẹ̀, mo sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí láti dárúkọ àgbàlagbà. Ó fi ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun gbá mi léjìká, ó ní orúkọ òun kì í ṣe ẹyin, kò lè fọ́ sí mi lẹ́nu, kí n pè é kí wọ́n gbọ́ dé Awkunanaw. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń po ìyẹ̀fun, ó ní kí n bá òun gbé tẹlifóònù. Mo ní, Búrẹ́dì Màmá Nwakaego nìyí, gúdù mọ́nì sà, mọ́ínmọ́ín náà wà. Ó jáde lẹ́nu mi ketekete. Mo wẹ̀yìn kí n rí ẹni tó sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, wáyà Màmá Nwakaego ni mo yàn. Lọ́jọ́rú, kí ọkọ mi bá mi fọwọ́ sí i. Bí n kò bá jí, kí ìkòkò irin mi, ọlọ mi, agolo mílíìkì tí mo fi ń se mọ́ínmọ́ín àti abọ́ tánńganran mi di ti Màmá Nwakaego. Kí ó máa ta mọ́ínmọ́ín lórí wáyà náà, kí ó sì máa rántí ìyá mi nínú èrè rẹ̀.

7. Bí mo bá jí, tí mo sì padà wálé, kí ọkọ mi fi ìwé yìí dáná, kí a fi se mọ́ínmọ́ín àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ gé ìpín kẹfà kúrò, kí ó tọ́jú rẹ̀.

Mo fọwọ́ mi sí i ní Obiagu, Enugu, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Karùn-ún, ọdún 1965.

Oyèbísí Àṣàkẹ́ Ọmọ́níyì

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí wọ́n rí mi bí mo ti ń fọwọ́ sí i, tí n kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ fún:

Folúkẹ́ Alárápé, tíṣà, ará yàrá ẹ̀yìn.

Ṣéhù Àkàngbé, ọmọ Ìlọrin, oníṣòwò obì. (Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mọ́ínmọ́ín ẹyọ kan, wọn kò fi lọ òun.)

Ọkọ mi ní ohun tí a bá kọ sábẹ́ ìbuwọ́lùwé, òfin kò mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi kọ èyí síbí nìyẹn. Ti yín ni, Bọ̀dá Àgbà, kì í ṣe ti lọ́yà.

Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọkọ mi dàgbà. Ẹ̀yin lẹ wá mú mi ní Ìkìrun. Nígbà tí lọ́rì wa tò sí Asaba, tí à ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé wa kọjá Odò Ọya, ẹ ra ọsàn, ẹ bó o, ẹ gbé e fún mi láì ní kí n sọ̀rọ̀. Dírẹ́bà ní ṣé odi ni ìyàwó yìí ni. Ẹ ní ìyàwó tí kì í sọ̀rọ̀ kì í purọ́. N kò gbàgbé rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ lọ́jọ́rú pé ìyàwó ilé kọ wáyà ilé sílẹ̀, ó lọ bá ará ìta, kí ó wá dà bíi pé mo kẹ̀yìn sí yín. Ọ̀wọ̀ yín ló dí mi lẹ́nu. Mo sì ti rò ó síwájú sí i. Bí a bá jọ wà lórí wáyà kan, n kò lè pè yín. Ṣùgbọ́n láti orí wáyà Màmá Nwakaego, n ó pe nọ́ńbà yín. Ẹ ó gbé e, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó dárúkọ ara yín pẹ̀lú ohùn ńlá yẹn, bí ẹ ti máa ń ṣe. Èmi ó kúnlẹ̀ lọ́hùn-ún, n ó ní ẹ kú iṣẹ́ sà, oúnjẹ ọ̀sán ti jinná. A ó ti pe orúkọ náà, èmi kọ́ ni n ó sì pè é.

Folúkẹ́ ń ké sí mi láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ní tẹlifóònù ń dún ní ṣọ́ọ̀bù yín, pé ẹ ti jáde, ọṣẹ kún ọwọ́ òun, kí n sáré gbé e, bóyá ọ̀gá ilé ìwé ọjọ́sí ni. Mò ń lọ. Bí ó bá tún béèrè pé ta nìyẹn, lónìí n ó gbìyànjú orúkọ náà, n ó ní...