Irun tí Ẹ Dì fún Mi

9/1/1970

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Àwa méjèèjì kí yín ní Igbodigo o. Jẹ̀nẹ́fà dára! A wọkọ̀ lórí omi, ọkọ mi sì ra aago fún yín. Lẹ́yìn náà la wá sórí òkè yìnyín yìí, níbi tí wọ́n ti ń so pákó mẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń yọ̀ sísàlẹ̀.

Ẹ mọ ọkọ mi, kì í kọ eré. Ó gòkè láàárọ̀, yìnyín sì ya lulẹ̀ lọ́sàn-án. Ọjọ́ kẹfà rèé. Àwọn tó ń wá a ní ó di ìgbà tí yìnyín bá yọ́. Púpùrù tí ẹ fi ẹ̀gẹ́ ṣe fún wa, tó ní kí n fi pamọ́ fún òun, ṣì wà nínú àpótí.

Obìnrin onílé ní kí n tú irun tí ẹ dì fún mi, òun á bá mi fọ̀ ọ́. Mo jágbe mọ́ ọn pé èmi kì í ṣe opó.

Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ mi ní Òde-Ayé, ẹ ní ọmọ wọn ń gbádùn.

Orí ń yún mi gan-an, Ìyá mi, ṣùgbọ́n n kò ní tú u.

Èmi ni,
Aníwúrà, aya Oyèkànmí