Ìdí Tí Mo Fi Mú Màmá Lọ Sùn ní Òtẹ́ẹ̀lì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú gbogbo wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Glasgow níbí, bí ilẹ̀ tilẹ̀ tutù tí orúnkún ń ta mí. Mo kí Àǹtí Sìdí, àbúrò yín, ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn ọmọ, mo kí gbogbo ẹni tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà wa lẹ́yìn ìrun alásàrí. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín tó bí mi ti kú, ẹ̀yin lẹ dúró bíi bàbá fún mi. Mi ò gbàgbé, mi ò sì ní gbàgbé láéláé.

Ẹ má bínú pé mo kọ lẹ́tà yìí síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sórí wásáàpù ẹbí, àwọn tó wà ní Ìjẹ̀bú gbọ́ ọ, àwọn tó wà ní Sàúdí náà gbọ́ ọ. Ẹ ní Kúdírátù dé sí Èkó, ó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì bí ẹni tí kò ní ìran, ó sì tún wọ́ ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀, obìnrin tó ti lọ sí Mẹ́kà, opó ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ ní mo ti ba ìyá mi jẹ́, pé láti ìgbà tó ti padà dé, kò wọ ilé ìdáná mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn yẹn nínú bọ́ọ̀sì bí mo ṣe ń lọ sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò ní tọrọ àforíjì, Bàbá. Mo fẹ́ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, kí ẹni tó ti gbọ́ tiyín lè gbọ́ tèmi.

Ẹ rántí ìgbà tí mo wá ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọjọ́ méjìlá ni mo lò nílé. Láti ìdájí ni Màmá ti ń dáná, nítorí gbogbo ẹni tó gbọ́ pé mo dé ló ń wá kí mi, gbogbo ẹni tó bá wá kí mi ló sì gbọ́dọ̀ jẹun. Bí mo bá ní kí n bá a ṣe é, wọ́n á ní àlejò ni mí. Lórí ìdúró ni mo ti ń rí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì ń rí jù. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé pápákọ̀ òfurufú, ó jókòó sórí àga láti bá mi sọ̀rọ̀, oorun sì gbé e lọ. Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bọ̀ǹtì nínú sálúbàtà. Mi ò jí i. Báyìí ni mo ṣe kúrò ní Nàìjíríà láì dágbére fún ìyá mi.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí, mi ò pa á mọ́ fún yín rí. Mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ni, yàrá mẹ́rìnlá péré, ilé olókùúta àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe tí ó wá lẹ́wà. Ìwé ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn àlejò máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí kí wọ́n tó lọ. Mo máa ń kà á tí mo bá ń nu tábìlì náà. Bàbá arúgbó kan kọ ọ́ pé láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú, yàrá yẹn ni ibi àkọ́kọ́ tí òun ti sùn mọ́jú. Èmi ni mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́, mo sì bi ara mi léèrè ọjọ́ wo ni Màmá sùn mọ́jú kẹ́yìn.

Òtútù ibí kì í ṣe ohun tí ẹnu lè ròyìn. Ní ìgbà òtútù, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó ṣíwọ́. Tí mo bá ní ọjọ́ ìsinmi, mo máa ń lọ sí ọgbà ńlá kan tí wọ́n ti ń tọ́jú igi àti òdòdó láti gbogbo ayé. Ilé onígíláàsì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń mú gbóná kí igi ilẹ̀ olóoru má bàa kú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, Bàbá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lásán bíi ti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi irin yí i ká, àwọn ènìyàn ń yà á ní fọ́tò. Mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí wọ́n á fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo kàn ń gba ooru sára ni. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé tí mo bá tún wá sílé, èmi àti ìyá mi á jọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹlòmíràn tẹ́.

Ilé ni mo kọ́kọ́ dé lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́rìí sí i. Mo kí yín, mo jẹun, mo pín ohun tí mo mú wá. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí Màmá di ẹrù. Ó wò mí bí ẹni pé ara mi kò yá. Ó ní, "Kúdí, ṣé kí wọ́n máa sọ pé mò ń gbé òtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ ogbó?" Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì jẹ́ létí àwọn àgbà wa. Wọ́n gbà pé obìnrin tó bá wọ ibẹ̀, ọkùnrin ló ń wá. Oorun la wá, Bàbá.

Ẹsẹ̀ la fi rìn débẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn Àgùdà kọ́, yàrá mẹ́sàn-án, fèrèsé onígi, àgbàlá kékeré tí òdòdó kún inú ìkòkò rẹ̀. Màmá gbé ẹní ìkírun rẹ̀ àti kẹ́tùlù àlùwàlá dání. Nígbà tó gbọ́ iye tí wọ́n ń gbà, ó ní òun mọ ilé yẹn nígbà tí ewúrẹ́ ń sùn ní pálọ̀ rẹ̀, ewúrẹ́ ò sì san kọ́bọ̀. Èmi, bí ẹni tó mọ iṣẹ́, mo yẹ igun bẹ́ẹ̀dì wò. Wọ́n ká a dáadáa. Omi gbígbóná kì í tètè dé, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lábẹ́ fèrèsé wa, ṣùgbọ́n aṣọ bẹ́ẹ̀dì yẹn mọ́, ó sì ń ta sánsán bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn.

Kí n tó jí lọ́jọ́ kejì, Màmá ti kí àsùbáà, ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, ó ń gbá ilẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tún yàrá ṣe wọlé, ó rò pé iṣẹ́ òun ni kò tẹ́ wa lọ́rùn, ẹ̀rù bà á. Mo ní, "Màmá, ẹ ń gba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ." Ó jókòó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wò wọ́n.

Ọjọ́ yẹn náà ni Àǹtí Sìdí dé. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mò ń sọ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rán wọn, Bàbá. Wọ́n ní àwọn alùfáà ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ láti ṣàdúà fún bàbá mi, pé ta ni yóò dáná? Mo la ẹnu láti dáhùn, Màmá ti dìde. Ó wé gèlè rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀. Mo rò pé ó ń bá wọn lọ ni. Ó wá yíjú sí Àǹtí, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jókòó kí ẹ mu tíì. Mo ti dáná ilé yẹn láti ìgbà tí mo ti gbé Kúdí yìí pọ̀n. Ẹ bá mi sọ fún ọkọ mi nílé pé mo lọ wo òdòdó." Ó sì mú mi lọ́wọ́, a jáde.

Ọgbà tí a lọ wà lódìkejì afárá. Wọ́n gbin oríṣiríṣi igi síbẹ̀, wọ́n fi pátákó kékeré kọ orúkọ òyìnbó wọn. Ọkùnrin Ọ̀yọ́ kan tó ń tọ́jú ọgbà náà tẹ̀ lé wa. Màmá á já ewé kan, á fi ìka rún un, á gbóòórùn rẹ̀: "Ẹfinrin. Koríko ọba. Gúáfà lèyí." Ọkùnrin yẹn ń rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Inú mi ń dùn. Títí a fi dé ọ̀dọ̀ igi kan tó tanná pupa, òdòdó tó tó abọ́ ọbẹ̀, ní ọwọ́ òsì wa gan-an. Màmá ń kọjá lọ. Mo ní, "Ẹ ò rí i?" Ó ní, "Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo ní kó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kó ka ìka tí mo nà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti di dókítà. Ó bo ojú náà. Ó ní, "Kò sí ìka kankan." Mẹ́ta ni mo nà, Bàbá, níwájú imú rẹ̀.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan nínú ọgbà yẹn, ó sì sọ fún mi pé ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí ojú òsì ti ń ṣú, pé òun ò fẹ́ da ilé láàmú. Ìrẹsì olókùúta tí ẹ bínú sí lọ́jọ́ iléyá, tí ẹ ní ó ti ń ya ọ̀lẹ: kò rí òkúta náà ni. Àwa tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ lé ní ogún, kò sí ẹni tó mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Ọjọ́ méjìlá ni mo fi jẹ oúnjẹ rẹ̀ láì wo ojú rẹ̀.

Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ojú, dókítà ibẹ̀ ní ìkuukù ti bo ẹyinjú òsì pátápátá, pé ti ọ̀tún náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú òsì. A padà sí òtẹ́ẹ̀lì, nítorí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ rí èéfín, mo sì ń kán oògùn sí i lójú títí ọjọ́ tí mo lọ fi pé. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú náà, èmi ló kọ́kọ́ wò. Ó ní, "Kúdí, o ti rù."

Nítorí náà, Bàbá, ẹ jẹ́ kó yé yín. Màmá kò ní dáná fún agboolé mọ́. Kì í ṣe òun ló ya aláìgbọràn. Èmi ni mo ní kó jókòó. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ kò ní dúró, ẹ fi wá ẹni tí yóò máa se oúnjẹ. Wọ́n á tún ṣe ojú ọ̀tún. Tí mo bá sì wá, ibi tí Màmá bá ní òun fẹ́ sùn la ó sùn, bó jẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, bó jẹ́ abẹ́ igi nínú ọgbà yẹn.

Mo ti kọ lẹ́tà yìí tán nígbà tí Màmá pè mí lónìí. Ó ní òun jókòó sẹ́nu ọ̀nà, òun sì rí yín bí ẹ ṣe ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí. Ó ní òun ò mọ̀ pé irùngbọ̀n yín ti funfun tó bẹ́ẹ̀, pé ẹ ti gbẹ, pé kí n rọra bá yín sọ̀rọ̀. Mo sunkún díẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò yí ọ̀rọ̀ kan padà.

Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà, Bàbá mi, kó dá ẹ̀mí yín sí, kó má jẹ́ kí a fi ẹkún ríra. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà, ẹ sì bá mi kí Màmá níbi tó jókòó sí.

Èmi ni ọmọ yín,
Kúdírátù