Ìbọn Aṣọ́gbó Tí Ọta Ò Wọ̀

                                        Ṣọ́ọ̀bù Àtúnṣe Ìbọn,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Télọ̀,
                                        Ojúlé Kejìlá.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà.

Ó-Kù-Díẹ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo lara? Báwo ni ìyàwó rẹ, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Ọmọ rẹ obìnrin tó kó yín lọ sọ́dọ̀ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ tó máa ń fà ọ́ nírùngbọ̀n? Mo mọ̀ pé wọ́n ń tọ́jú rẹ dáadáa, torí bí wọn ò bá tọ́jú rẹ, ò bá ti kọ lẹ́tà sí mi. Ẹni tó yó ò mọ̀ pé ebi ń pa ẹnìkan. Oṣù mẹ́jọ rèé. Mi ò bínú o, mo kàn ń ka oṣù ni.

Ara tèmi náà le, àfi èjìká ọ̀tún tó ń ro mí láràárọ̀. Ṣọ́ọ̀bù wa wà bó ṣe wà. Àga rẹ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mi ò gbé nǹkan kan lé e. Bí mo bá tún nǹkan ṣe tán, mo ṣì máa ń yíjú síbẹ̀ kí n tó rántí pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ká má purọ́, ó ń dùn mí.

O rántí aṣọ́gbó, ọkùnrin gíga tó máa ń nu bàtà kó tó wọlé. Ó gbé ìbọn rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, irú èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ fa irin rẹ̀ sẹ́yìn kó sì tì í síwájú kí ọta tó wọnú ihò. Ó ní ọta ń gbé orí sókè, ó sì ń há sẹ́nu ihò. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ti ṣe èèyàn kan léṣe lọ́nà oko, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ kọjá Ọjọ́bọ̀ kó tó gbà á. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni mo rí i pé ètè àpótí ọta, ibi tí ọta ń gbà jáde, ti tẹ̀ lápá kan, bí ìgbà tó já bọ́ lulẹ̀. Mo fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ padà sípò. Mo rò pé ó parí.

Ṣùgbọ́n o mọ òfin ilé wa: ẹni tó bá tún ìbọn ṣe kọ́ ló ń dán an wò. Èmi ń tún un ṣe, ìwọ ń dán an wò. Ní báyìí, èmi nìkan ni mo ń ṣe méjèèjì. Mo kó ọta ìdánwò wa márùn-ún, àwọn tí kò ní ẹ̀tù nínú, sínú rẹ̀. Mo fà, mo tì. Irin náà gorí ọta kọjá, ihò ṣófo. Mo tún fà, mo tún tì, ọ̀kan wọlé, èkejì kọ̀.

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi bá ìbọn yẹn wọ̀yá ìjà. Mo ní sípíríǹgì tó ń ti ọta sókè ló ti rẹ̀, mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo tú àpótí ọta, mo fọ̀ ọ́, mo nù ún títí ó fi ń dán. Pàbó. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́rú, mo sọ fún ara mi pé bí èyí bá borí mi, ó tán nìyẹn: màá ti ilẹ̀kùn, màá kó kọ́kọ́rọ́ fún télọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa. Láti ìgbà tó o ti lọ lobìnrin náà ti ń wá yàrá tó máa fi kún tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí òun gan-an fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wá tọrọ òróró fún ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó ń wò mí. Ó ní, “Bàbá, kí lẹ̀ ń bá jà láti àná? Ẹ jẹ́ n fà á wò.” Mo fẹ́ kọ̀, mo wá rò ó pé kí ló tún kù tó máa bàjẹ́. Ó fà á, irin ró kọ́ lẹ́yìn. Ọta wọlé. Márààrún ló wọlé, ọ̀kan ò há.

Ó ní, “Ẹ ò fà á dé òpin ni. Ẹ máa ń dá a dúró lọ́nà.”

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń bá ni rí tẹni. Láti ọjọ́ Ajé ni ara ìbọn ti yá, èjìká mi ni kò yá. Bí èèyàn ò bá fà á dé ẹ̀yìn pátápátá, irin ò lè mú ọta tó kàn, ohun tí èmi fúnra mi fi ń kọ́ àwọn oníbàárà. Mo wá rántí pé ọgbọ̀n ọdún lo fi ń wo ọwọ́ mi láti orí àga yẹn, tí ò ń sọ pé “ó kù díẹ̀”, tí inú sì ń bí mi. Èmi ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ, ìwọ náà sì fi Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ san án fún mi. Mi ò mọ̀ pé gbogbo ìgbà yẹn, ojú rẹ wà lára iṣẹ́ mi.

Nígbà tí aṣọ́gbó dé, mo sọ òótọ́ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú tì mí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìbọn náà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó wá béèrè ẹni tó máa máa dán iṣẹ́ mi wò látìgbà yìí lọ. Télọ̀ ló dá a lóhùn láti ìta pé òun ni. Kò tún sọ̀rọ̀ yàrá mọ́. Orí àpótí ìjókòó kan ló máa ń jókòó sí, kì í jókòó sórí àga rẹ.

Lánàá, mo ń fa ìbọn kan, èjìká mú mi, ọwọ́ mi sì dúró. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́ pé, “Bàbá, ó kù díẹ̀.” Mi ò sọ fún un rí pé bẹ́ẹ̀ lo máa ń wí. Mo gbé ìbọn kalẹ̀, mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo sunkún. Nígbà tí mo wọlé, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyẹn ní ẹni tó ni ín.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó máa fi omi gbígbóná jó orúnkún yẹn. Kí ọmọ rẹ, kó o sì bá mi fa ọmọ-ọmọ yẹn létí díẹ̀, torí òun ló gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá lè yọ̀ǹda rẹ fún ọjọ́ kan péré, máa bọ̀. Kò sí ìbọn kankan tó bàjẹ́. Mo kàn fẹ́ kó o jókòó ni.

Èmi tó o fi sílẹ̀ nídìí tábìlì,
Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́.