Lẹ́ǹsì Wo Ni Kí Monínúọlá Rà?

Ìgèdè-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá.

Monínúọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí iṣẹ́ rẹ, mo sì kí Sátidé rẹ tí o fi ń ya àwòrán ìgbéyàwó, nítorí mo gbọ́ pé òun ni olórí ẹbí rẹ báyìí. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àwa tó ń sùn ní Ìgèdè kò ní gbàgbé ẹ̀yin tí kì í sùn ní Èkó. Ara mi le. Ẹ̀jẹ̀ mi kò ru. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń jẹun lójúmọ́, nítorí pé ẹ̀kẹta kò wù mí, kì í ṣe nítorí pé kò sí. Má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ráhùn.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Usu ti jáde. Mo gbọ́ pé iṣu ni ẹ̀ ń pè é lọ́dọ̀ yín, ó sì ń dùn bẹ́ẹ̀ náà. Òrùlé ilé ìdáná ń jò níbì kan ṣoṣo, òkè ààrò gan-an. Ìjọ ti yan olórí akọrin tuntun, ṣùgbọ́n orin kò tíì gbọ́. Ewúrẹ́ Ìyá Oyèbámijí, aládùúgbò wa, bí ìbejì, ó sì ti kó àwọn méjèèjì wá kí mi. Ewúrẹ́ náà kò ní kámẹ́rà tí ń dá a dúró.

Mo rí iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, níbi tí o ti sọ pé owó ọwọ́ rẹ lọ́dún yìí kò lè ra ju lẹ́ǹsì kan ṣoṣo lọ fún kámẹ́rà tuntun rẹ, tí o kọ orúkọ mẹ́ta síbẹ̀, tí o ní kí n gbàdúrà sí i kí n sì sọ èyí tí ọkàn mi bá yàn. Mo dúpẹ́ fún ọlá náà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé, kò sí ẹni tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, títí kan bàbá rẹ nígbà tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń dá ọ lóhùn nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í ní déètì, kì í sì í ní ìtìjú.

Kí n tó dé orí lẹ́ǹsì, jẹ́ kí n sọ ti kámẹ́rà fúnra rẹ̀. O kọ ọ́ pé kámẹ́rà náà kò ní dígí nínú, pé ìdí nìyẹn tó fi wọ́n ju ti àtijọ́ tó ní dígí lọ. Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí a ṣe ìgbéyàwó, káfíńtà gbé tábìlì ìmúra mi wá láìsí dígí lára rẹ̀. Bàbá rẹ yọ ìdajì owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, káfíńtà náà sì dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Kò sọ fún wa pé ọ̀làjú ni. Ṣùgbọ́n ìwọ lo lọ sí yunifásítì.

Mo sì ní ẹ̀rí. Nínú gbogbo àwòrán ìgbéyàwó tí o ń fi ránṣẹ́ láti ìgbà tí o ti ra kámẹ́rà yìí, kò sí èyí tí kùrukùru kò bò. Ìyàwó dà bí ẹni tó dúró sẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Ọkọ kò ní imú. Mo sọ lọ́kàn mi pé ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn bí wọ́n bá yọ dígí kúrò níbi tó yẹ kó wà. Èmi kò sọ fún ọ. Mo kàn ń kọ “Ó dára” ránṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìyá tó lẹ́kọ̀ọ́.

Ọyẹ́ náà tètè dé lọ́dún yìí. Láti oṣù Keje ni mo ti ń rí i lórí àwọn òkè, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Tàdáwà inú fóònù mi náà sì ń tán lọ, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ti ṣá. Mo bi ọmọbìnrin tó ń ta káàdì fóònù lẹ́nu ọ̀nà ọjà bóyá ó ní tàdáwà tí wọ́n ń rọ sí i. Ó wò mí, ó ní ó ti tán lọ́jà, pé kí n béèrè ní Adó.

Ó kan lẹ́ǹsì wàyí. O kọ nọ́ńbà síwájú wọn. Èkíní, láti mẹ́rìnlélógún dé àádọ́rin. Èkejì, láti àádọ́rin dé igba. Ẹ̀kẹta, àádọ́ta nìkan. Kò ṣòro fún mi láti lóye. Nílùú wa, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí la fi ń ṣe ohun gbogbo: a ní àwọn tó ń ro ọ̀nà odò, àwọn tó ń dáwó òrùlé ìjọ, àti àwọn tó ń jókòó tí wọ́n ń fúnni nímọ̀ràn. Mo rí i pé àwọn tó ṣe kámẹ́rà ti kọ́ ọgbọ́n yìí, pé lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tó ń yà. Èkíní wà fún àwọn tó ṣì ń sáré. Èkejì wà fún àwa àgbà, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ nà án dé igba ọdún, iye tí ẹnì kankan nínú ìjọ wa kò tíì dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá Ìjọ ń gbìyànjú. Ẹ̀kẹta ló rú mi lójú. Ta ni ẹni náà ní Èkó tó pé àádọ́ta ọdún géérégé, tó sì fẹ́ máa ya fọ́tò lójoojúmọ́? Bó bá pé mọ́kànléláàádọ́ta ńkọ́, ṣé wàá ju lẹ́ǹsì náà nù ni?

Mo gbàdúrà. Nítorí pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni mí, ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ èkejì. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé lẹ́ǹsì gígùn ni, pé èèyàn lè dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kó sì ya ẹni tó wà níwájú pẹpẹ bí ẹni pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìyẹn yé mi dáadáa. Ọdún mẹ́ta gbáko lo ti ń lo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ fún èmi náà láti Èkó. Èmi kò mọ̀ pé wọ́n ti ń tà á.

Mo pinnu láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ Ajíbádé lọ sí Adó. Ó fi mí síwájú, ó sì kìlọ̀ fún àwọn èrò ẹ̀yìn pé kí wọ́n má pariwo, pé tíṣà wà nínú ọkọ̀. Wọ́n pariwo títí a fi dé Fájuyì ní Adó.

Ayọ̀rìndé ni mo lọ bá, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò níbẹ̀. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin; ìṣirò kì í wọ̀ ọ́ lára. Bí mo ti wọlé, ó dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó béèrè pé Tíṣà mi, ṣé òun tún ti ṣẹ̀ ni. Mo ní kó jókòó. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ọjọ́ orí fún un. Ó kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yíjú padà, omi wà lójú rẹ̀, ó ní eruku ni. Ó wá sọ fún mi pé nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ọjọ́ orí. Ó ní èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré ń rí ibi tó fẹ̀, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pọ̀ ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra. Pé èyí tó ní nọ́ńbà méjì lè nà, ó sì lè súnkì láàárín wọn, ṣùgbọ́n èyí tó ní ẹyọ kan kì í nà, kì í sì í súnkì. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, kò sì ṣì í. Mo fún un ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ́kàn mi.

Mo wá fi àwòrán rẹ hàn án lórí fóònù mi, kó lè rí ohun tí àìsí dígí fà. Ó ní Tíṣà mi, iṣẹ́ yìí mọ́ rekete. Ó ní òun lè ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyàwó, ó sì kà á sókè: mẹ́rìnlélógójì. Mo ní kó má purọ́ níwájú mi. Ó gba fóònù náà sọ́wọ́ kan, ó sún sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ kejì sókè, ó sì béèrè pé ìka mélòó ni òun nà. Monínúọlá, ọmọ tí mo fi ẹgba kọ́ ní oókan eéjì ló ń bi mí ní iye ìka. Mo ní mẹ́ta ni. Ó padà wá sọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ó rọra sọ pé ìkúùkù ni.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ojú, ẹ̀yìn mi ló sì ń rìn ní gbogbo ọ̀nà, bí ẹni pé èmi ni mo ń mú un lọ. Mo kíyè sí ẹ̀kọ́ yẹn. Mo ti sọ ọ́ di mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

Nọ́ọ̀sì tó gbà mí ń jẹ́ Moyọ̀sọ́rẹ. Ó ń pè mí ní Mọ́mì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kò rántí ọjọ́ tí mo bí i. Wọ́n gbé àgbọ̀n mi lé ẹ̀rọ kan. Dókítà fi iná tó mú wo inú ojú mi, ó ní lẹ́ǹsì tí Ọlọ́run dá mọ́ ojú ọ̀tún mi ti funfun bí omi ògì, tòsì sì ń tẹ̀lé e bọ̀. Ó ní ọjọ́ orí ló fà á. Nítorí náà kò sí ọyẹ́ nínú oṣù Keje, tàdáwà fóònù mi kò tán, ìyàwó tí o yà sì mọ́ rekete. Ohun tí mo rò nípa àwọn àwòrán rẹ, mo ti pa á rẹ́. Ti dígí ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n ní àwọn yóò yọ lẹ́ǹsì àtijọ́ náà, àwọn yóò sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, pé àwọn gbọ́dọ̀ wọn ojú mi kí àwọn tó yan nọ́ńbà tó yẹ. Mo sọ fún Moyọ̀sọ́rẹ pé kí wọ́n má ṣe wàhálà, pé kí wọ́n fi àádọ́rin dé igba sí i fún mi, nítorí mo ní ọmọ kan ní Èkó tí mo fẹ́ máa rí láti ẹnu ọ̀nà ilé mi. Ó rẹ́rìn-ín títí àwọn aláìsàn fi ń wò wá. Ó ní Mọ́mì ò, wọn kì í fi irú ìyẹn sójú èèyàn. Ó ní èyí tí àwọn ń lò kì í nà, kì í sì í súnkì, ibì kan ṣoṣo ni ojú rẹ̀ ti ń mọ́ jù. Ohun tí mo bá fẹ́ rí ni yóò rìn wá síbẹ̀, tàbí kí èmi rìn lọ bá a. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ ni mo ń rò.

Ìdáhùn náà nìyí. Ra àádọ́ta. Ayọ̀rìndé ní ẹni tó bá ń lo irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ kò lè dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá fẹ́ kí ojú èèyàn kún inú àwòrán, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi lọ bá ẹni náà, débi tí wọn yóò fi máa gbọ́ mímí ara wọn. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ máa ń mọ́, kò sì wọ́n. Mo fẹ́ràn ohun èlò tó ń kọ́ni ní ìwà. Èyí tó ń dúró lókèèrè, má fi owó rà á. O ti ní i lára.

Owó tó bá kù sọ́wọ́ rẹ nítorí pé o kò ra lẹ́ǹsì gígùn mọ́, òun ni mo ń tọrọ fún iṣẹ́ abẹ ojú mi. Má ṣe fi ránṣẹ́ sí báǹkì. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ̀wé sórí fóònù mi pé kí n má ṣe sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi fún ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ràn. Èmi kò sọ ọ́ fún ẹ̀rọ wọn pàápàá nígbà tó béèrè, kò sì fún mi ní kọ́bọ̀ láti ọjọ́ náà. Mú owó náà wá lọ́wọ́.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún mi. Mo ti wo kàlẹ́ńdà: ọjọ́ Ajé ni, kì í ṣe Sátidé. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan, tí mo máa kọ orúkọ ẹbí tí yóò dúró tì mí sí, ẹni tí yóò mú mi délé nígbà tí wọ́n bá ti di ojú mi. Ayọ̀rìndé ní kí n kọ orúkọ òun. Moyọ̀sọ́rẹ ní bí kò bá sí ẹnìkan, òun yóò dúró tì mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Mo dáhùn gbogbo ìbéèrè tó kù pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, mo sì fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo.

Kí Olúwa pa ojú rẹ mọ́ fún iṣẹ́ rẹ. Kí ohun rere tí o ń wá má ṣe jìnnà débi tí wàá fi nílò ẹ̀rọ kí o tó rí i. Ọlọ́run a ṣọ́ ọ lọ́nà, bí o bá wà lọ́nà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fọláwùnmí Adéníran,
Olùkọ́ Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì.