Òwú Tí Taslimah Kò Ran

Taslimah Àṣàbí, ọmọ mi,

Sàláámù àlékù. Ṣé ara rẹ le, ṣé omi ń yọ nílé tí o gbà sí ní Ìta Fájì, ṣé ọ̀gá rẹ ní Onikan kò bínú mọ́? Ọlọ́run Ọba Aláàánú yóò ṣọ́ ọ lọ, yóò ṣọ́ ọ bọ̀. Ewúrẹ́ wa bí méjì, bàbá rẹ ń kí ọ, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ rárá, láti ìjẹta ni mo ti ń jókòó tí mo ń dìde.

Fọ́tò ìwé tí kóòtù lẹ̀ mọ́ ògiri nítorí ìgbéyàwó ìwọ àti Abdulmujeeb dé sórí fóònù Kàmọ́rù, aládùúgbò wa. Mo ní kí ó yí fóònù náà padà kí n rí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé, ló bá ń fi mí rẹ́rìn-ín. A gbé e lọ bá Tíṣà Adébáyọ̀ tó ti fẹ̀yìntì. Ó ka orúkọ rẹ, inú mi dùn, ó wá ka èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: sípínsítà. Mo ní kí ni ìyẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni láàárín àwọn òyìnbó, obìnrin tó ń ran òwú jẹun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àti pé torí àwọn tí kò lọ́kọ ló pọ̀ nídìí iṣẹ́ náà, orúkọ ọ̀hún wá di ti gbogbo obìnrin tí kò tíì lọ́kọ.

Taslimah, ìgbà wo lo ran òwú? Ìwọ tí bọ́tìnnì kan já lára aṣọ rẹ nígbà Iléyá tí o gbé e lọ fún télọ̀! Tíṣà ní kò sẹ́ni tó ń ro ti òwú mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó kàn ń pẹ̀tù sí mi nínú ni. Ṣé a máa ń pe ẹni tí kò tíì nílé ní bíríkìlà ni? Ó tún ní ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ìwé náà yóò fi wà lára ògiri, pé ẹni tó bá lòdì sí ìgbéyàwó náà kí ó wá sọ̀rọ̀. Yéè! Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, tìrẹ kò sì tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá. Àmúdàtù tó ń ta òróró ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọmọ abúlé wa ni, ó fẹ́ ọ fún ọmọ rẹ̀ o kò gbà, ó sì mọ̀ dájú pé o kò ran òwú rí. Tó bá gba iwájú kóòtù kọjá ńkọ́?

Mo ti yọ ìrànwú ìyá mi lórí àjà, mo dì í pọ̀ mọ́ òwú, mo fún awakọ̀ tó ń ná Èkó. Máa fi kọ́ṣẹ́ láàárọ̀ kí o tó lọ síbi iṣẹ́. Bó bá ń já, má bínú, ti gbogbo ènìyàn ló kọ́kọ́ ń já.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Kàmọ́rù, rọra tẹ̀ ẹ́ kí ó má baà jábọ́ sọ́nà. Mo fẹ́ wá jókòó níwájú kóòtù títí ọjọ́ wọn yóò fi pé. Bí ẹnikẹ́ni bá dìde sí ọ, èmi ni n ó dáhùn, torí èmi ni mo jẹ̀bi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ nígbà tí o na ọwọ́ sí ìrànwú lọ́dọ̀ ìyá mi, mo gbá ọ lọ́wọ́, mo ní iṣẹ́ ìyà ni, lọ kàwé. O sunkún títí oorun fi gbé ọ lọ. Ó ń dùn mí gan-an báyìí.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àṣìṣe mi dí ayọ̀ rẹ lọ́wọ́. Wàá bí, wàá tọ́. Ohunkóhun tí ọmọ rẹ bá na ọwọ́ sí, Ọlọ́run yóò fún ọ ní sùúrù tí èmi kò ní.

Ìyá rẹ,
Sàdíátù