Àga Ìyá Mi Di Ohun Ìtàn

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ẹni tí kò tíì yọjú tó ń ta ọ́ nípàá nínú. Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ń wọlé? Ní tiwa, orúnkún ń dùn wá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn wá rárá, a dúpẹ́.

Nínú ìwé rẹ tó kọjá, o ní kí n gbé àga ìyá àgbà sínú yàrá rẹ, kí o lè máa fún ọmọ lọ́mú lórí rẹ̀ nígbà tí o bá wálé wá bímọ. N kò fèsì nítorí pé àga náà kò sí nílé nígbà náà. Ó wà ní ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́, wọ́n so okùn yí i ká, wọ́n ní ohun ìtàn ni. Fara balẹ̀ kí n rò ó fún ọ.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, àwọn kan dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti ṣí ibùdókọ̀ náà, kí ará ìlú lè máa wá kọ́ ìtàn níbẹ̀. Wọ́n fi bàbá rẹ ṣe akọ̀wé, torí pé iṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe. Inú wọn dùn débi pé lójú oorun pàápàá, wọ́n ń fọn fèrè. Àwọn fúnra wọn ló kọ òfin ibẹ̀, èyí tó sì le jù ni pé ohunkóhun tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí lára, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e jáde títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó lópin ọdún. Wọ́n kà á fún mi ní kíṣínì, èmi náà sì ní, "Ẹ kú làákàyè." Ẹnu mi yìí náà ni o.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n pe èrò, wọ́n fẹ́ sọ bí rélùwéè ṣe dé. Àga ò tó. Mo lọ ṣe irun ní tèmi. Bàbá rẹ wọ pálọ̀ mi, wọ́n gbé àga ìyá mi rù, wọ́n gbé e fún àgbàlagbà tó wá sọ̀rọ̀. Nígbà tí gbogbo èèyàn lọ sílé, àga mi ò lọ. Tíṣà ìtàn kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Ọdún-Wo, torí kò sóhun tí o máa sọ tí kò ní bi ọ́ pé, "Ọdún wo nìyẹn?" Ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ọ̀dà funfun, ó bá àga àtijọ́ láàárín ọ́fíìsì, ló bá kọ 41 sábẹ́ rẹ̀, ó sì gbé páálí kan síwájú rẹ̀: "Àga tí ọ̀gá ibùdókọ̀ àkọ́kọ́ máa ń jókòó lé."

Mo ní, "Baálé mi, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

Wọ́n ní, "Òfin ni."

"Ta ló ṣòfin?"

"Èmi ni."

Nígbà tó di ọjọ́ àwọn ọmọ iléèwé, mo gba ibẹ̀ lọ. Àwọn ọmọdé pagbo yí àga mi ká, wọ́n ń yà á sínú ìwé. Tíṣà ń fi àpá dúdú tó wà ní apá rẹ̀ hàn wọ́n: "Ẹ wò ó! Iná tó ta láti inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ ló jó o." Ọmọ mi, èmi àti ìwọ la mọ iná tó jó o. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, ṣùgbọ́n tèmi mì. Mo ní, "Tíṣà, ìyá mi ló ni àga yìí." Ó rẹ́rìn-ín: "Mọ́mì, gbogbo wa la ni ín. Ọdún wo ni wọ́n tiẹ̀ bí ìyá yín?" Ta ló kọ ọdún ìbí sílẹ̀ nígbà náà?

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣe ọjọ́ tí gbogbo èèyàn máa múra bí èrò ọkọ̀ ayé àtijọ́. Mo wọ bàtà gíga tí mo fi ṣègbéyàwó, mo gbé àpótí lọ́wọ́, mo ré okùn kọjá, mo jókòó lé àga mi. Ara mi balẹ̀ bí ẹni tó délé. Ni ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ bá rí mi, ó fọn fèrè. Àṣé wọ́n ti kọ́ àwọn èrò pé bí fèrè bá ti dún, ọkọ̀ fẹ́ gbéra nìyẹn. Gbogbo wọn dà gììrì síta, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń du ìjókòó nínú ọkọ̀ tí kò sí. Bàbá rẹ sì dúró lójú irin, wọ́n ń ju àsíá aláwọ̀ ewé! Ìgbà tí ariwo lọlẹ̀, ẹ̀ṣọ́ bẹ̀ mí dìde. Láti ọjọ́ náà, "Oúnjẹ ti délẹ̀" nìkan ni mò ń bá bàbá rẹ sọ.

Ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí gan-an. Orí àga yẹn ni ìyá mi ti fún mi lọ́mú, orí rẹ̀ ni mo ti fún ọ. Wọn ò fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún mi, wọn ò fi wúrà sílẹ̀. Àga ni wọ́n fi sílẹ̀. Bí o bá dé pẹ̀lú oyún ńlá tí mo wá na àga ike sí ọ, ojú wo ni màá fi wò ọ́?

Ó wá ku ètò tó kẹ́yìn ọdún, níbi tí àgbà kọ̀ọ̀kan máa ti dúró ti ohun kan, kó sọ ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀. Bàbá rẹ wá bá mi, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. "Ìyá ọmọ mi, òfin ò ní kí ẹni tó ni nǹkan má sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Mo ti kọ orúkọ yín sí nọ́ńbà 41." Mo fi ẹran kún ọbẹ̀ wọn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó kàn mí, èrò kún fọ́fọ́. Mo ní ọ̀gá ibùdókọ̀ kankan ò jókòó síbẹ̀ rí, ká ní ó dán an wò ni, ìyá mi ì bá lé e. Mo ní káfíńtà ló kàn án fún wọn nígbà tí oyún mi ń ro wọ́n lẹ́yìn. Mo ní ti àpá dúdú yẹn, àkọ́bí mi ló gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, ó ń lọ aṣọ bèbí ìṣeré rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Mo wá fi apá òsì àga hàn wọ́n, bí igi ibẹ̀ ṣe dán, torí ibẹ̀ la máa ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tí orí ọmọ bá wà lápá wa. Mo fẹ́ sọ pé ìwọ náà ń bọ̀, ẹkún gbà á mọ́ mi lẹ́nu.

Tíṣà dìde. Mo ti mọ ohun tó fẹ́ bi mí. "Mọ́mì, ọdún wo lẹ kọ́kọ́ fún ọmọ tiyín lọ́mú lórí ẹ̀?" Háà, ìyẹn ni mo mọ̀! Mo sọ ọdún, mo sọ oṣù, mo sọ ọjọ́, mo sọ bí òjò ṣe rọ̀. Ó fa bírò yọ, ó sì fa ìlà pa ọ̀gá ibùdókọ̀ rẹ́ lórí páálí yẹn lójú gbogbo wa.

Ìgbìmọ̀ jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí àga lọ sílé nawọ́. Bàbá rẹ na méjèèjì. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé e rù padà, tíṣà ń gbé páálí tẹ̀ lé wọn, ẹ̀ṣọ́ ń fọn fèrè níwájú.

Ó ti wà nínú yàrá rẹ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má ha 41 kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ tún òfin mìíràn ṣe, wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí yẹn, wọ́n sì fi kọ́ ara àga: "Ohun ìtàn ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó síbí, àfi ẹni tó bá gbé ọmọ lọ́wọ́." Èmi gan-an ò lè jókòó síbẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà á là fún ọ. Wẹ́rẹ́ ni wàá sọ̀. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ, ohùn ọmọ náà á sì jọ ariwo fèrè rélùwéè.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń gbọn eruku àga dè ọ́.

Mo tún rántí: má wulẹ̀ di áyọ́ọ̀nù mọ́ ẹrù rẹ. Ọ̀kan wà nílé, mo sì ti fi í pamọ́.